Aṣọ Funfun Inú Ìwé Àwòrán

Sùtánà ni mò ń rán jẹun. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Ọ̀rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtíbàbà ọkùnrin kan tó ń ta ìwé ìròyìn nítòsí gáréèjì. Pákó lásán ló wà láàárín àwa méjèèjì. Gbogbo ohun tí àwọn tó máa ń kàwé lọ́fẹ̀ẹ́ níwájú rẹ̀ bá sọ ni mò ń gbọ́ lórí máṣíìnì mi, ṣùgbọ́n n kì í dá sí i.

Ó nídìí. Kí ọdún yẹn tó wọlé, àwọn ajínigbé dá bọ́ọ̀sì wa dúró nígbà tí a ń ti ilé àdúrà kan bọ̀ ní Ajue, wọ́n sì kó wa wọ igbó. Ọlọ́run yọ mí. Ẹbí mi sọ fún àwọn ará Ọ̀rẹ̀ pé ìrìn àjò ni mo lọ, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọn ò rí àwọn tó ṣe é mú. Ẹni tó bá jókòó sí oríta bíi ti Ọ̀rẹ̀ kò sì lè mọ irú ẹni tó ń kọjá níwájú òun.

Ìwé àwòrán kan wà tí olùtàwé náà máa ń tà, ìtàn akọni kan tó ń fò láti orí igi dé orí igi, tó ń gba àwọn tó wà nínú ìdààmú sílẹ̀. Ti oṣù yẹn yàtọ̀. Nínú rẹ̀, wọ́n kó àwọn ọmọ ìjọ aláṣọ funfun wọ igbó láti inú bọ́ọ̀sì, akọni náà sì wọ sùtánà kí ó lè wọ àárín wọn. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ló kù, tí àwọn tó ń kàwé lọ́fẹ̀ẹ́ ń gbà lọ́wọ́ ara wọn.

"Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀!" ni ọlọ́kadà kan pariwo. "Ó wọ búùtù sábẹ́ sùtánà!"

"Ha! Wòlíì wa á kọ́kọ́ lé e jáde ná, kó tó gba ẹnikẹ́ni là."

"Igbó ni, bọ̀dá. Ẹ̀gún ń bẹ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó wọ bàtà ẹ̀."

"Aláṣọ funfun wo ló ń sá fún ẹ̀gún? Ayàwòrán yìí ò tíì wọ ilé àdúrà rí."

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Àwa kì í wọ bàtà bí sùtánà bá ti wà lọ́rùn wa. Àwọn ọmọdé ìjọ pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì ní akọni náà pẹ́ jù. Ó ní bó bá jẹ́ òun lòun lè fò, kí bọ́ọ̀sì tó dúró lòun ti máa balẹ̀. Wọ́n ní kó kọ́kọ́ fò lọ gbé búrẹ́dì tó gbóná wá.

Nígbà náà ni ọkùnrin kan sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. Èdè Ìkálẹ̀ ló ń sọ, bí a ṣe ń sọ ọ́ gan-an nílé wa. Ó ní ti bàtà kọ́ ló ń dun òun.

"Aṣọ yẹn ló funfun jù. Wọn ò lè mú èèyàn gba inú igbó pẹ̀lú aṣọ tó ń tàn báyẹn. Wọ́n á ti kọ́kọ́ ní kí àwọn tí wọ́n kó yí nínú ẹrẹ̀ létí odò."

Ẹsẹ̀ mi dúró lórí máṣíìnì.

Bí wọ́n ṣe ṣe fún wa nìyẹn. Wọ́n ní kí a dùbúlẹ̀, kí a máa yí, títí aṣọ wa fi di àwọ̀ ilẹ̀. N kò sọ ọ́ fún ọkọ mi pàápàá.

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?" ni ọlọ́kadà náà bi í. "Àbí ẹ̀yin ni ọ̀gá wọn?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. "Mo kàn rò ó ni."

Ìgbà tí ẹ̀rín tán ni mo tó mọ̀ pé máṣíìnì mi ò dún mọ́, àti pé òun náà ti fura sí i. Orí rẹ̀ yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó. Ọkùnrin tó mọ́ tónítóní ni, bí ẹgbẹ́ mi. N kò dá a mọ̀. Ṣùgbọ́n nínú igbó, ilẹ̀ ni wọ́n ní kí a máa wò. N kò mọ ojú àwọn tó kó wa, n kò sì mọ ojú àwọn mìíràn tí wọ́n ti kó síbẹ̀ ṣáájú wa.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Gbogbo èèyàn ti sọ tiwọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń rán aṣọ náà, kí lẹ rí sí i?"

Ó na ìwé náà sí mi, mo gbà á. Àwọn èèyàn funfun tò lẹ́sẹẹsẹ láàárín igi dúdú. Ayàwòrán ò ya ojú sí wọn lórí. Ibi tí ọwọ́ ọkùnrin náà ti di ìwé mú ti tutù fún òógùn.

Oríṣi èèyàn méjì ló lè mọ ọ̀rọ̀ ẹrẹ̀ yẹn. Bó bá jẹ́ ẹni tí wọ́n kó bíi tèmi ni, ó ń wá ẹni tí òun lè bá sọ ọ́. Bó bá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó kó wa ni, ó ń wá ẹni tó lè dá ohùn òun mọ̀.

"Ó dáa," ni mo wí. "Aṣọ náà mọ́. Ó jọ pé wọ́n fi búlúù fọ̀ ọ́. N kò rí àléébù kankan."

"Ẹrẹ̀ ńkọ́?"

"N kò mọ igbó, sà. Ìgboro ni mò ń gbé."

Ó wò mí pẹ́. Ó gba ìwé náà, ó dá a padà fún olùtàwé, ó sì gba ọ̀nà gáréèjì lọ. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n nínú wọn.

Mo kó máṣíìnì mi lọ sí Odígbó láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn. Mo bẹ olùtàwé pé kó má sọ ibi tí mo lọ. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ọkùnrin yẹn padà wá, ó dúró síwájú ilẹ̀kùn tí mo ti tì, kò béèrè nǹkan kan, ó sì lọ. Mo bi í bóyá ó bínú. Ó ní rárá, ó ní ó kàn dà bí ẹni tó ti rẹ̀.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yẹn títí. N kò lọ wá a.