Ìrẹsì Mọ́mì mi àti ṣọ́ọ̀bù tẹ́ ẹ pa

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ará Barking ní London níbí. Ẹ ti pa ṣọ́ọ̀bù ìyá Japan yẹn tán.

Ibì kan ṣoṣo tí wọ́n ti ń se ojúlówó oúnjẹ Japan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Abbey, ilé ìjọsìn àtijọ́ yẹn, ẹ ti pa á!

Àtìgbà tí Mọ́mì mi ti kúrò ní ọsibítù, oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun wọn mọ́. Ìjẹ̀bú tí kì í jẹun láìsí ata! Ìrẹsì tí ìyá yẹn máa ń sè títí á fi rọ̀ bí ògì nìkan ni wọ́n ń rí gbé mì. Mo sè é fúnra mi lẹ́ẹ̀mẹta. Mọ́mì ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Kì í ṣe òun."

Mo gbé fúlásíkì lọ síbẹ̀ lónìí láti ra ìrẹsì náà. Wọ́n ti sọ ibẹ̀ di ṣọ́ọ̀bù adìyẹ, ọmọ Yorùbá kan ni mo bá ní káńtà.

"Ìyá àgbà tó ń se ìrẹsì ńkọ́?"

"Wọ́n ti kó lọ, Àǹtí. Kò sí kọsítọ́mà. Ẹ ra adìyẹ wa, ata ẹ̀ ta gan-an!"

Ẹkún ni mo sun dé bọ́ọ̀sì stọ́ọ̀pù.

Nígbà tí mo ní kẹ́ ẹ lọ jẹun níbẹ̀, kí lẹ kọ sábẹ́ pósítì mi? "Ẹja tí wọn ò sè? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Ìyá yẹn ò tiẹ̀ ta ẹja tí wọn ò sè rí!

Mo ti délé báyìí. Mọ́mì ti mú ṣíbí dání, fúlásíkì mi ṣófo.

Ibo ni ìyá yẹn kó lọ? Ẹ dá mi lóhùn!