Ọjọ́ Tí Bàbá Tólú Fi Ẹnu Ara Wọn Sọ Ọ̀rọ̀ Ẹṣin

Ẹ fún mi láyè díẹ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí n ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi àti ọkọ mi ní Ring Road fún yín. Ẹ mọ̀ pé n kì í sábà kọ nǹkan síbí. Tí ẹ bá ti rí orúkọ mi, á jẹ́ pé mò ń kí ẹnì kan kú ọjọ́ ìbí! Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti ń jà gùdù nínú mi láti ọjọ́ yìí.

Fún ẹni tí kò mọ̀ wá, ẹṣin ayípo ni iṣẹ́ wa. Ẹṣin irin mẹ́fà ni, wọ́n yí òpó kan ká, àwọn ọmọdé á gùn wọ́n, a ó sì máa fi ọwọ́ tì í kó máa yí. Bàbá Tólú, ọkọ mi, ló fi ọwọ́ ara wọn jó irin rẹ̀ pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà wọn ní Challenge, nígbà tí Tólú ṣì wà ní jẹ́lé-ó-sinmi. Bí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Bódìjà tàbí Agbowó bá ń ṣe àríyá ìparí ọdún, a ó tú u, a ó kó o sínú ọkọ̀, a ó lọ tò ó síbẹ̀. Ọjọ́ Iléyá ńkọ́? Kérésìmesì ńkọ́? Ẹsẹ̀ ò ní gbèrò!

Ẹṣin kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ. Afẹ́fẹ́ ni gbogbo ọmọ máa ń du. Sùúrù ni ti ọmọ tí ẹ̀rù bá ń bà. Ṣùgbọ́n Bàbá Tólú kì í jẹ́ kí ọmọ kankan yan ẹṣin fúnra rẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ gbé ọmọ náà sókè kí wọ́n lè mọ bó ṣe wúwo tó. Ọmọ tó wúwo gbọ́dọ̀ ní ẹlẹgbẹ́ ní òdì kejì, kí òpó má baà tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ìyá ìbejì kan bá wa jà lórí ọ̀rọ̀ yìí rí ní Agbowó. Ó ní kí ló dé tí a pín àwọn ọmọ òun níyà, tí Táíwò wà níhìn-ín tí Kẹ́hìndé wà lọ́hùn-ún? Bàbá Tólú dá a lóhùn pé, "Màámi, wọn ò pínyà o. Àwọn méjèèjì ló ń gbé ara wọn dúró yẹn." Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí.

Lọ́dún tó kọjá ni àìsàn rọpárọsẹ̀ kọlu Bàbá Tólú. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, wọ́n dìde, wọ́n ń rìn. Àmọ́ ọwọ́ òsì kò lágbára mọ́, ọ̀rọ̀ sì máa ń pẹ́ lẹ́nu wọn. Ohun tí wọ́n fẹ́ sọ á pé nínú wọn, kó jáde ni ìṣòro.

Báyìí ni mo ṣe di ẹnu wọn. Wọ́n á ní, "Bá mi gbé...", ife omi á ti dé iwájú wọn. Mo sì di apá wọn pẹ̀lú. Èmi ni mo wá ń ti ẹṣin. Ìbàdí mi ń ké, ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ sọ fún? Yàrá ẹ̀yìn ni mo ti máa ń fi òróró pa á, màá sì ti ilẹ̀kùn.

Ibi tí a dé nìyẹn tí ilé-iṣẹ́ ńlá kan tó ń kọ́ ọgbà ìgbafẹ́ sí ọ̀nà Akóbọ̀ ránṣẹ́ sí wa. Wọ́n ní yàtọ̀ sí àwọn ẹ̀rọ tí àwọn ń kó bọ̀ láti òkè òkun, àwọn tún fẹ́ àwọn eléré ọmọdé tí ará Ìbàdàn ti mọ̀. Wọ́n pe Àlàbí náà. Àlàbí ni ọ̀rẹ́ wa onídán, tó máa ń yọ ẹyẹlé láti inú fìlà. Ó ní kí a ṣọ́ra o, pé ilé-iṣẹ́ tó tóbi tó báyìí lè ki ọwọ́ bọ fìlà kó sì yọ àwa fúnra wa!

Ohun tí wọ́n fi lọ̀ wá rèé. Ẹṣin á máa gbé ọ̀dọ̀ wọn. Wọn á fi ẹ́ńjìnnì iná sí i, wọn á tún un kùn. Àwọn ọ̀dọ́ wọn tó ń wọ yunifọ́ọ̀mù ni yóò máa darí rẹ̀. Àwa á jókòó sílé, a ó máa gba ìpín tiwa lóṣooṣù.

Ó dùn létí, àbí? Ṣùgbọ́n èmi wo ọkọ mi. Láti ìgbà àìsàn yẹn, kò sí ohun tó ń gbé wọn kúrò lórí àga bí ọmọ tó fẹ́ gun ẹṣin. Tí ilé-iṣẹ́ yìí bá gba ẹṣin lọ, kí ló kù fún wọn? Ẹ́ńjìnnì wo ni wọ́n tún ń sọ? Ṣebí ọkọ mi ló máa ń sọ pé ẹ́ńjìnnì kì í mọ ìgbà tí ẹ̀rù ń ba ọmọ? Mo pinnu pé a ò ní gbà.

Nínú kẹ̀kẹ́ tí a wọ̀ lọ sí ọ́fíìsì wọn ní Ring Road, mo sọ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe wàhálà, èmi ni màá sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Mo... mo fẹ́..." Mo ní mo ti mọ̀, kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Wọ́n kọjú sí títì.

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Morẹ́nikẹ́ ló gba àwa àti Àlàbí ní ọ́fíìsì náà. Ó kúnlẹ̀ kí wa dáadáa, ó fún wa lómi tútù. N kò lè pè é ní ènìyàn burúkú láé. Ṣùgbọ́n èmi nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, ó tún ní, "Mummy, ṣé Daddy máa ń gbọ́ ohun tí a ń sọ?" Ọkùnrin tó jókòó síwájú rẹ̀!

Àlàbí ní, "Wọ́n ń gbọ́ o, àǹtí. Kódà wọ́n ti gbọ́ èyí tí ẹ ò tíì sọ."

Ìgbà náà ni Bàbá Tólú na ọwọ́ ọ̀tún sókè díẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ́ńjìnnì... ẹ́ńjìnnì yẹn..."

Morẹ́nikẹ́ yára gba ọ̀rọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu, ó ní Daddy ń bẹ̀rù ariwo rẹ̀ ni, ẹ̀rọ náà kì í pariwo rárá.

Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. "Àwọn ọmọ..."

Ó ní ti ààbò àwọn ọmọ kọ́ ni kí a máa rò, àwọn ti rí sí i.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé n kì í gbóhùn sókè. Àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn ara mi: "Ọmọ mi, jọ̀wọ́, jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ parí!"

Bàbá Tólú lanu, ọ̀rọ̀ kò jáde. Mo ti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ, àbí mi ò mọ̀ ọ́n? Mo ti la ẹnu tèmi láti bá wọn sọ ọ́ nígbà tí Àlàbí fi ìgbọ̀nwọ́ gbún mi. Ó rọra ní, "Ìyá Tólú, ẹ̀yin náà ńkọ́?"

Ojú tì mí. Mo pa ẹnu mi dé.

Lẹ́yìn náà ni Bàbá Tólú ní, "Ẹ fi ẹ́ńjìnnì sí i."

Mo yíjú sí wọn. Kí ni mo gbọ́ yìí?

"Ẹ fi sí i. Ṣùgbọ́n gbígbé ọmọ... gorí ẹṣin... ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi." Wọ́n wá kọjú sí mi. "Ìyá Tólú... ó ti rẹ̀ ọ́. Mò ń gbọ́... òórùn òróró yẹn."

Omijé bọ́ lójú mi. Ohun tí wọ́n ń gbìyànjú láti sọ fún mi nínú kẹ̀kẹ́ nìyẹn! Tìtorí mi ni wọ́n ṣe fẹ́ gba ẹ́ńjìnnì náà, èmi ni mo sì ń bá wọn lé e lọ.

Morẹ́nikẹ́ náà nu ojú. Ó ní òfin ilé-iṣẹ́ ò fàyè gba àgbàlagbà nídìí ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n òun á lọ bá ọ̀gá òun. Ó pẹ́ nínú yàrá kejì. Nígbà tó jáde, ó ní wọ́n gbà, tí èmi náà bá máa dúró ní ẹ̀gbẹ́ òsì wọn láti bá wọn gbé ọmọ. Ọ̀dọ́ kan á máa tẹ ẹ́ńjìnnì, kò sì ní tẹ̀ ẹ́ àfi tí Bàbá Tólú bá mi orí sí i. Ilé-iṣẹ́ náà fi orúkọ àwọn ẹṣin sílẹ̀ bó ṣe wà, ṣùgbọ́n wọ́n takú lórí ọ̀dà tuntun o! Sùúrù ti di aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú báyìí. Àlàbí ní ó jọ ẹṣin tó ń lọ gbéyàwó.

Ní ọgbà náà la wà báyìí ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Ọwọ́ ọ̀tún wọn, ọwọ́ òsì mi, ọmọ láàárín. Mo máa ń rántí Táíwò àti Kẹ́hìndé ọjọ́sí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kékeré kan ń sunkún, ó ní òun ò gùn ún mọ́. Bàbá Tólú bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n fẹ́ sọ orúkọ ẹṣin náà fún un, kò tètè wá. Ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n mi, mo gbé e mì. Ọmọ náà ò sunkún mọ́, ó tẹjú mọ́ ẹnu wọn bí ẹni ń retí ẹyẹlé Àlàbí.

"Sùúrù," ni wọ́n sọ.

Ọmọ náà na ọwọ́ méjèèjì sókè pé kí a gbé òun.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo ìgbà tí a bá ń bá olólùfẹ́ wa parí ọ̀rọ̀ la ń ràn án lọ́wọ́. Nígbà mìíràn, ọ̀rọ̀ tiwa là ń fi sí i lẹ́nu. Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹnì kan wà nílé yín tí ọ̀rọ̀ ń pẹ́ lẹ́nu rẹ̀, bóyá òbí, bóyá ọmọ? Kí lẹ gbọ́ lọ́jọ́ tí ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ dópin? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi. Bó bá sì pẹ́ kó tó jáde, ẹ má dààmú. Mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń dúró.