Abẹ́rẹ́ Ọ́ìlì àti Etí Tẹ̀ẹ́jẹ́jẹ́

Tẹ̀ẹ́jẹ́jẹ́ ni gbogbo ọgbà tí wọ́n ti ń di ẹrù ń pe awakọ̀ yìí, nítorí kò sẹ́ni tó rí i rí kó fi ìbínú tẹ ọkọ̀. Ọdún kẹtàlélógún rèé tó ti ń wa ọkọ̀ akẹ́rù kan ṣoṣo yẹn. Tirẹ̀ ni, kò gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀dà ara rẹ̀ ti bó, ilẹ̀kùn apá ọ̀tún kì í sì í ṣí àfi kéèyàn fi èjìká tì í. Ìyàwó rẹ̀ a máa pe ọkọ̀ náà ní "orogún mi". Bí wọ́n bá ń jà nílé, obìnrin náà á ní, "Máa lọ sùn lọ́dọ̀ ìyáálé mi!" Tẹ̀ẹ́jẹ́jẹ́ á rẹ́rìn-ín, á gbé aṣọ, á lọ nu gíláàsì ọkọ̀.

Obìnrin náà ti kú. Ó ti pé ọdún kan àti oṣù méjì.

Ohun tẹ́nikẹ́ni kò mọ̀ ni pé òun gan-an ni etí ọkọ rẹ̀. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni etí Tẹ̀ẹ́jẹ́jẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í di. Ó ń gbọ́ ariwo o, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú ariwo ni kì í yé e mọ́. Ó kìlọ̀ fún ìyàwó rẹ̀ kó má sọ fẹ́nì kankan, títí kan ọmọ wọn. Ta ló máa gbé ẹrù fún awakọ̀ adití? Ìyá náà wá ń bá a jókòó síwájú ọkọ̀ lọ sí gbogbo ìrìn àjò. Bí ẹnì kan bá fọn fèrè lẹ́yìn, á gbá a nítan lẹ́ẹ̀kan. Bí ohùn ẹ́ńjìnnì bá yí padà, á gbá a lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn awakọ̀ tó kù ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ìfẹ́ àwọn àgbàlagbà yìí ti pọ̀ jù. Ẹ ò rí i báráyé ṣe ń ka nǹkan sódì!

Báyìí, òun nìkan ló kù. Báwọn èèyàn bá ń rẹ́rìn-ín, á rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá fajú ro, á mi orí. Bí ọmọbìnrin rẹ̀ bá pè é lórí fóònù láti ìlú tó ń gbé, á dúró kí ohùn náà dákẹ́ díẹ̀, á wá ní, "A dúpẹ́ o, ọmọ mi. Ọlọ́run ṣeun." Ìdáhùn yẹn kì í sábà já a kulẹ̀. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́rin rèé tí ọmọ náà kò pè mọ́. Kò mọ ohun tóun fi ṣe é. Inú kọ́kọ́ bí i, ó ní kò burú, kí oníkálukú wà láyè ara rẹ̀. Nígbà tó yá, kò bínú mọ́, ó kàn ń dùn ún ni.

Àfi bí abẹ́rẹ́ ọ́ìlì, èyí tó ń fi agbára ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì hàn níwájú awakọ̀, ṣe dá tirẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá tutù, abẹ́rẹ́ náà á dúró gangan láàárín. Bó bá ti rin wákàtí kan tó gbóná, tí ọkọ̀ wá dúró síbì kan, abẹ́rẹ́ á rọra sùn sílẹ̀, iná pupa á tàn. Ọ́ìlì tó yẹ kó máa fi agbára sáré káàkiri inú ẹ́ńjìnnì ti ń wọ́ bí aláìsàn. Ó fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ: ọ́ìlì kún dójú àmì. Ó pààrọ̀ ọ́ìlì, ó ra èyí tó ki. Ó pààrọ̀ fílítà. Ó tún pààrọ̀ nǹkan kékeré tó ń gbé ìròyìn fún abẹ́rẹ́. Pàbó ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mekáníìkì wá wò ó. Ọkùnrin yìí a máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń pe èèyàn lódìkejì odò, ìdí nìyẹn tí Tẹ̀ẹ́jẹ́jẹ́ fi fẹ́ràn rẹ̀.

"Bàbá, nǹkan méjì ló kù," ló pariwo. "Ó lè jẹ́ pọ́ńpù ọ́ìlì. Ìyẹn, ẹ ṣì lè máa rọra wà á títí màá fi rí òmíràn. Àmọ́ tó bá jẹ́ bẹ́rìn tí ọ̀pá ńlá inú ẹ́ńjìnnì ń yí lé lórí ló ti jẹ, ẹ ò gbọdọ̀ wà á kọjá géètì yìí. Ọ̀pá yẹn á bàjẹ́, ó parí nìyẹn, irin lásán lẹ máa tà. Bẹ́rìn tó bá ti jẹ máa ń kàn tó bá gbóná: kọ́, kọ́, kọ́. Ẹ́ńjìnnì yín ti tutù báyìí, ẹ̀yin lẹ ń wà á. Ṣé ó ń kàn bó bá gbóná?"

"Kò kàn," ni Tẹ̀ẹ́jẹ́jẹ́ wí.

Irọ́ gbuu! Kò mọ̀ bóyá ó ń kàn, kò mọ̀ bóyá kò kàn. Mekáníìkì ní pọ́ńpù nìyẹn, pé kó gbé ẹrù ọ̀la, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọkàn bàbá kò balẹ̀. Lọ́sàn-án, ó ṣáná sí ẹ́ńjìnnì, ó jẹ́ kó ṣiṣẹ́ títí abẹ́rẹ́ fi sùn. Ó tẹ́ ọwọ́ sára ẹ́ńjìnnì. Ó gbé iwájú orí lé e títí ó fi fẹ́ jó o. Gbogbo rẹ̀ ń gbọ̀n, gbogbo rẹ̀ sì jọra. Kó pe ọ̀kan nínú àwọn alágbàáru kó wá bá òun gbọ́? Kí ló máa sọ tí ìyẹn bá béèrè pé etí tiẹ̀ ńkọ́? Ó rántí ọmọ rẹ̀, tó jẹ́ pé àárín òun àti ìyá rẹ̀ níwájú ọkọ̀ yìí ló dàgbà sí, tó mọ ohùn rẹ̀ bí ohùn òbí. Ó gbé ìgbéraga tì, ó pè é. Nígbà tó pè é lẹ́ẹ̀kejì, ọmọ náà gbé e.

"Ọmọ mi, bá mi gbọ́ ẹ́ńjìnnì yìí. Ariwo pọ̀ níbí, kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi bó bá ń kàn." Ó na fóònù sẹ́bàá ẹ́ńjìnnì. Kò pẹ́, ọmọ náà gé e. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ wọlé:

"Bàámi, ẹ pa á! Mò ń pariwo pé kẹ́ ẹ pa á! Ó ń kàn gidi gan-an. Ọmọ kékeré á gbọ́ ọ. Ṣé ẹ ò gbọ́ ni?"

Ó pa ẹ́ńjìnnì. Ó jókòó sórí táyà kan tó wà nílẹ̀, ó wo ọ̀rọ̀ náà títí. Irọ́ ti sú u. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan: "Mi ò gbọ́. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí etí mi ti di. Ìyá rẹ mọ̀. Èmi ni mo ní kó má sọ."

Ọmọ náà dá a lóhùn. Ó ní: "Ọjọ́ tí mo pè yín pé oyún mi bàjẹ́, tẹ́ ẹ ní 'A dúpẹ́ o, Ọlọ́run ṣeun', ẹ ò gbọ́ ìyẹn náà?"

Ó rántí ọjọ́ náà. Ohùn ọmọ rẹ̀ ń lọ sókè sódò, òun rò pé ẹ̀rín ni, òun sì bá a rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Ó kọ ọ́ pé, "Mi ò gbọ́ ọ, ọmọ mi. Mi ò gbọ́ rárá." Ó fi ránṣẹ́, ó sì bú sẹ́kún lórí táyà náà. Kò mọ bí igbe òun ṣe pọ̀ tó, títí ó fi gbójú sókè tó rí i pé gbogbo àwọn tó ń di ẹrù ní ìkángun ọgbà ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró, wọ́n ń wò ó.