Kọ́kọ́rọ́ Tí Mo Fi Ránṣẹ́

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí n má fi ẹ̀bi mi pamọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan wà ní Ìbà Housing Estate. Kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, mo ti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ níbi tó ti ń ròyìn bí Ọ̀jọ́ ṣe rí kí wọ́n tó la títì Àgbádárìgì. A dá ìkànnì tiwa sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, a sì gbé e síbẹ̀. Àwọn èèyàn ń gbọ́ ọ, wọ́n sì ń kọ̀wé sí i. Ojoojúmọ́ ni ohun tí wọ́n kọ ń wọlé sórí fóònù mi, tí mo sì ń lọ kà á fún un. Ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan péré ló fi lè rẹ́rìn-ín, ibẹ̀ ló sì ti ń rẹ́rìn-ín náà.

Lọ́jọ́ kan, kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́jọ́ kejì. Mo fi fóònù mi wọ ìkànnì náà, ó kọ ọ́ gàdàgbà pé ibẹ̀ kò láàbò, kí n yára padà. Sátífíkéètì wa ti kú, ìyẹn ìwé ẹ̀rí tó ń sọ fún fóònù àlejò pé àwa gan-an la ni ibẹ̀, pé kò sẹ́ni tó ń yọjú wo ohun tó ń lọ. Àfi kí n béèrè tuntun lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó ń fúnni.

Mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù oníkọ̀ǹpútà kan ní Ìyànà Ìbà. Fáìlì méjì ni kọ̀ǹpútà náà gbé jáde: ìwé ìbéèrè, àti kọ́kọ́rọ́ àṣírí. Àṣírí kẹ̀? Ẹni tí yóò jẹ́rìí sí mi, ṣé òun ni n ó fi nǹkan pamọ́ fún? Èmi tí mo ti lọ, tí mo ti bọ̀ ní káńsù títí ẹsẹ̀ mi fi wú, mo mọ̀ pé bí ìwé èèyàn bá fi ẹyọ kan dín, wọ́n á ní kó máa lọ sílé. Mo kó gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́: ìwé ìbéèrè, fọ́tókọ́pì káàdì ìdánimọ̀ mi, bíìlì iná, àti kọ́kọ́rọ́ náà.

Ó tó ọ̀sẹ̀ kan kí èsì tó dé. Wọ́n ní oníkànnì nìkan ló gbọ́dọ̀ ní kọ́kọ́rọ́ náà lọ́wọ́, èyí tí ojú ẹlòmíràn bá ti rí ti bàjẹ́ nìyẹn. Kí n ṣe òmíràn, kí n tún bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀.

Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi pàtẹ́wọ́ nígbà tí mo rò ó fún un. “Bàbá, tí ẹ bá fẹ́ kí ọlọ́pàá máa ṣọ́ ilé yín, ẹ ó fi kọ́kọ́rọ́ ilé ránṣẹ́ sí wọn ni?”

“Ìyàwó wa, ẹ̀rù káńsù ló bà mí.”

“Ẹ̀rù káńsù! Ẹ wo ojú ọ̀rẹ́ yín.”

Mo wò ó. Ó ń na ìka sí fóònù mi. Mo ka ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan fún un, èyí tí obìnrin kan ní Òkòkómáíkò kọ, bí ẹni pé àárọ̀ yẹn ló wọlé. Ó gbọ́ ọ dópin, ó wá pa ojú dé. Ó ti mọ̀ ọ́n sórí.

Sátífíkéètì tuntun dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mìíràn. Ìkànnì ṣí, ohùn ọ̀rẹ́ mi dún ketekete nínú yàrá. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti sá kò mọ̀ pé a ti ṣí. Fóònù wọn ti sọ fún wọn pé ibẹ̀ kò láàbò, wọ́n sì gbà á gbọ́.

Mo ṣì ń lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi lójoojúmọ́. Kì í na ìka sí fóònù mọ́. Bí mo bá wọlé, ògiri ló ń wò. Èmi náà á jókòó tì í, n ó sì ti fóònù bọ àpò.