Láídé Kọ̀, Kò Gbé Ọmọ

Ní agboolé wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́, bí obìnrin bá bímọ, kí wọ́n tó ránṣẹ́ sí bàbá ọmọ pàápàá, Láídé ni wọn yóò kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí. Ọwọ́ rẹ̀ mọ ọmọ wẹ̀. Yóò jókòó sórí àpótí, yóò na ẹsẹ̀ méjèèjì, yóò tẹ́ ọmọ sí i, kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú yóò sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Yóò na apá ọmọ, yóò na itan rẹ̀, yóò fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tẹ orí rẹ̀ títí yóò fi rí rogodo. Bí ikun bá dí ọmọ nímú, Láídé kì í wá aṣọ. Ẹnu rẹ̀ ni yóò fi fà á, yóò tu ú dànù, yóò sì máa bá ìwẹ̀ rẹ̀ lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá fajú ro, á ní, "Ẹni tí kò lè fa ikun ọmọ, irú ìfẹ́ wo ló ní?" Ẹnu rẹ̀ mú díẹ̀, a kò ní í purọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ rọ̀.

Gbogbo ọmọ ẹlòmíràn ló ti wẹ̀ tán, ó ku ti Àlàmú, ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, tí ó ń po ìyẹ̀fun ní ilé búrẹ́dì kan ní Agége. Sùlíyá, ìyàwó Àlàmú, ti bí ọmọ kan rí. Ikọ́ ló gbé ọmọ náà lọ kí ìyá àgbà tó rọ́nà wá. Nítorí náà, nígbà tí ìròyìn dé lọ́dún 1957 pé Sùlíyá tún ti bímọ, tó bí obìnrin, Láídé kò fi falẹ̀ rárá. Ó di ọṣẹ dúdú àti òrí mọ́ ẹrù, ó wọ lọ́rì dé Ìbàdàn, ó sì wọ rélùwéè níbẹ̀ wá sí Agége.

Ọdún náà ni ọ̀fìnkìn ńlá kan ń jà káàkiri. Nínú ọkọ̀ ojú irin, èrò há mọ́ra wọn. Ẹni tó wà lọ́tùn-ún Láídé ń wúkọ́, ẹni tó wà lósì ń sín. Aláàánú obìnrin ni Láídé, ó ń kí wọn pẹ̀lẹ́, ó sì ń fi ife rẹ̀ bu omi fún wọn mu, òun náà ń mu nínú rẹ̀. Kí ó tó dé ilé Àlàmú, ọ̀nà ọ̀fun ti ń yún un, ara rẹ̀ sì ń gbóná. Ó kà á sí òtútù ọkọ̀.

Nọ́ọ̀sì kan tí ń jẹ́ Rachael ló ń gbé yàrá tó kọjú sí ti Àlàmú. Òun ló kúnlẹ̀ kí i ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí ó ti gbọ́ tí Láídé sín léraléra, ó dìde, ó sì rọra dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá ọlọ́mọ.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, yàrá tèmi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lò. Èmi á lọ sùn lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Ifákò. Ẹ má tíì wọlé tọ ọmọ."

"Nítorí ọ̀fìnkìn?" ni Láídé wí. "Ta ni ọ̀fìnkìn pa rí?"

"Àgbàlagbà tára ẹ̀ le lè borí ẹ̀, Ìyá. Ọmọ tuntun àti arúgbó ló máa ń dà láàmú jù. Kì í ṣe òtútù ló ń fà á. Kòkòrò kan ni, ojú ò lè rí i, inú itọ́ àti ikun ló ń gbé. Téèyàn bá wúkọ́, á fò jáde. Téèyàn bá fọwọ́ nu imú, á lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Ẹnu àti imú ló ń gbà wọ ara ẹlòmíì."

Ẹnu àti imú. Láídé yọjú wo inú yàrá láti ọ̀ọ́kán, ó rí Sùlíyá tí ó kúnlẹ̀ lórí ẹní, tí ó fi apá méjèèjì wé ọmọ mọ́ àyà. Ìyàwó wo ló lè sọ fún ìyá ọkọ pé kó má fọwọ́ kan ọmọ? Ẹnu Sùlíyá ń kí i káàbọ̀, ojú rẹ̀ sì ń bẹ̀ ẹ́. Inú kọ́kọ́ bí Láídé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ẹrù rẹ̀ padà sí ibùdókọ̀. Lẹ́yìn náà ni ó rántí ọmọ àkọ́kọ́ tí kò bá láyé. Àánú ìyàwó náà ṣe é gan-an. Ó wọ yàrá Rachael lọ.

Ibẹ̀ ni ibà ti dá a gúnlẹ̀. Ife tirẹ̀ yàtọ̀, àwo tirẹ̀ yàtọ̀, fèrèsé kì í padé. Ó ń wúkọ́ sínú aṣọ, wọ́n ń se aṣọ náà, ó sì ń fi ọṣẹ fọ ọwọ́ títí ọwọ́ fi ń bó. Nígbà tí ara fúyẹ́ díẹ̀, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó fi gèlè bo ẹnu, ó sì ń fi ohùn wẹ ọmọ láti òdìkejì ọ̀dẹ̀dẹ̀, Sùlíyá ń fi ọwọ́ ṣe é.

"Na apá ẹ̀. Rọra, ṣé adìẹ lò ń fà ya ni? Ikun wà nímú ẹ̀? Fi aṣọ mímọ́ nù ún." Ọ̀rọ̀ aṣọ yìí ṣòro fún un láti sọ, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́.

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ dé, ikọ́ kò tíì tán lára Láídé, ẹnu ọ̀nà yàrá Rachael ló sì dúró sí. Àfáà ṣe àdúà tán, ni Kàsúmù onílé bá bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́. "Ìyá ọkọ ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá, ẹ ò gbọ́mọ lé e lọ́wọ́? Àṣé ìyàwó ti ń lé ìyá ọkọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn láyé yìí."

Ìtìjú bá Àlàmú. Ó gba ọmọ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó sì mú ọ̀nà ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ pọ̀n. Sùlíyá dìde, ó na apá méjèèjì tẹ̀lé ọmọ.

Apá Láídé fẹ́rẹ̀ẹ́ nà síwájú fúnra rẹ̀. Ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

"Àlàmú, dúró níbẹ̀."

"Ìyá, ẹ gbà á. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ sí ìyàwó mi."

"Mo gbọ́. Ìyàwó rẹ ò lé mi. Èmi ni mo ní n ò gbé e, ó di ìgbà tí ikọ́ bá fi mí sílẹ̀. Ẹni tí ò bá dùn mọ́ nínú, kó súnmọ́ ibí, kí n wúkọ́ sí i lójú." Wọ́n rẹ́rìn-ín, Kàsúmù náà rẹ́rìn-ín, ó sì sún àga rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀. "Ìbídùn lorúkọ tí mo fún un. Gbé e padà fún ìyá ẹ̀."

Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì sunkún.

Nígbà tí ikọ́ lọ pátápátá, tí Rachael ní kò séwu mọ́, Sùlíyá fúnra rẹ̀ ló gbé ọmọ wá, ó kúnlẹ̀. "Ìyá mi, ẹ wá wẹ ọmọ yín."

Láídé fọ ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá. Ó jókòó, ó na ẹsẹ̀, wọ́n tẹ́ Ìbídùn sí i. Ó ti ro ọ̀rọ̀ púpọ̀ tí yóò bá ọmọ náà sọ, ṣùgbọ́n omijé ló dé. Ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ó má baà kán sí ọmọ lára. Sùlíyá súnmọ́ ọn, ó fi etí ìró ara rẹ̀ nu ojú ìyá ọkọ rẹ̀.