Mítà Ọ́ìlì àti Ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n Mi

Bí alùpùpù ńlá bá ti ń bú lójú títì, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ni mo máa ń rántí, inú a sì bí mi.

Alùpùpù tiẹ̀ ní mítà tó ń sọ bí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó. Síbẹ̀, bó bá gbé ẹ̀gbọ́n mi sẹ́yìn láti Ìbàdàn wá sí Àpòmù, á dúró ní Ìkirè.

"Mítà lè parọ́," á ní. "Àtẹ́lẹwọ́ kì í parọ́."

Àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ló ń wí. Ìbọ̀wọ́ awọ kì í kúrò lọ́wọ́ tiẹ̀.

"Gbé e lé ẹ́ńjìnnì."

"Ó gbóná, bàbá wọn."

"Mi ò tíì ní kó o gbé e kúrò."

Lọ́jọ́ kan mo bẹ̀ ẹ́ pé ọwọ́ á bó. Ó rẹ́rìn-ín: "Ṣé awọ kì í hù ni?"

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ibà dá a dùbúlẹ̀. Ó ń gbọ̀n, ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ kan iwájú orí òun, kó wò ó bí ara òun ṣe gbóná tó. Ẹ̀gbọ́n mi gbé àtẹ́lẹwọ́ tó ti le bí èèpo igi lé e.

"Ọwọ́ yìí ò mọ iná mọ́," ó ní. "Ẹ bi mítà yín."