Gàrí Nínú Pọ́ǹpù Ẹja

Ọkọ mi ló ń sin ẹja nínú gíláàsì ńlá kan ní pálọ̀ wa ní Ẹdẹ. Láràárọ̀ Sátidé, á tú pọ́ǹpù tó ń gbé omi ẹja yí ká, á fi burọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ̀ ọ́, á sì tò ó padà. Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ fún mi. Wọ́n sọ fún un ní ọsibítù pé kó máa lo ọwọ́ náà, kó má bàa kú síbẹ̀. Kò lò ó. Á kàn jókòó síwájú ẹja, á gbé ọwọ́ lé itan. Ó ń bí mi nínú, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Ìyá rẹ̀ wá kí wa láti oko wọn lọ́nà Sẹkọna. Wọ́n wo oúnjẹ bí eruku tí mo ń wọ́n fún ẹja.

"Ìyàwó mi, ṣé èyí lẹ ń pè ní oúnjẹ?"

Bí mo ṣe jáde lọ ra ata báyìí, Màmá bu ẹ̀kúnwọ́ gàrí sínú omi ẹja. Gàrí oko wọn sì máa ń wú.

Mo dé, mo bá omi tó funfun bí ògì. Pọ́ǹpù ń kùn, kò gbé omi mọ́, àwọn ẹja sì ti gbẹ́nu sókè, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ọ̀rọ̀ tí ìyàwó kì í sọ sí ìyá ọkọ ti dé orí ahọ́n mi. Mo gbé e mì. Mo yọ wáyà iná, mo tú pọ́ǹpù. Gàrí ti di ẹ̀bà mọ́ ìdí abẹ̀bẹ̀ kékeré inú rẹ̀, ìka mi ò sì wọlé.

"Gbé e wá," ni ọkọ mi wí.

Ó fi ọwọ́ òsì di pọ́ǹpù mú, ó gbé ọ̀tún lé e. Ìka náà ń rá pálá. Abẹ̀bẹ̀ bọ́ sílẹ̀, ó ṣà á, ó tún bọ́. Ẹja kan ti ń fì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo nawọ́ kí n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, Màmá di ọwọ́ mi mú.

"Jẹ́ kó ṣe é."

"Màmá, ẹja ń kú lọ."

"Mo rí wọn. Jẹ́ kó ṣe é."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ife bu omi ẹja sókè, mo ń dà á padà kí atẹ́gùn lè wọ̀ ọ́, mo ń sunkún, mo sì ń ráhùn. Ó ha gbogbo gàrí náà kúrò, ó to pọ́ǹpù padà. Mo ki wáyà bọ iná, omi yí. Ẹja tó ń fì yẹn kú, àwọn yòókù yè. Màmá bẹ̀ mí. Mo ní kò burú, àmọ́ mo gbé gàrí lọ sókè kọ́bọ́ọ̀dù.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ló jí mi. Pọ́ǹpù ò dún. Mo sáré dé pálọ̀. Ọkọ mi jókòó ti bésìnnì, ó ti tú pọ́ǹpù palẹ̀, burọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀.

"Ìwọ lo ń fọ eléyìí láti ọjọ́ yìí?" ló bi mí. "Kò mọ́ rárá."